Òkúta méjì, ipò kan náà: ohun tí a rí lábẹ́ awò ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹni tó bá fẹ́ ra dáyámọ́ǹdì yóò gbọ́ nípa mímọ́ òkúta títí etí rẹ̀ yóò fi kún, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni pé òkúta méjì lè gba ipò kan náà lórí ìwé, kí àbàwọ́n ọ̀kan máa hàn sí gbogbo ayé, kí ti èkejì sì fara pamọ́. Mo rí èyí nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ní kí n bá òun lọ yan òkúta fún òrùka àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́dọ̀ Àlàájà kan tí wọ́n ń ta góòlù ní Sábó, tí wọ́n sì máa ń bá oníbàárà mú òkúta wá láti Erékùṣù Èkó.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tó wà ní Kánádà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ra ohunkóhun tó bá rẹlẹ̀ sí VVS, ìyẹn ipò mímọ́ tí àbàwọ́n rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣòro láti rí. Àlàájà kò bá a jiyàn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, owó rẹ ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kí Bàbá tí yóò rọ òrùka náà kọ́kọ́ fi nǹkan hàn ọ́."

GIA, ilé-ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò òkúta iyebíye tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931, ni ó ṣe ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń tẹ̀lé. Ipò 11 ni ó ní, láti orí FL, tí kò ní àbàwọ́n kankan nínú tàbí lára, títí dé I3, tí àbàwọ́n rẹ̀ hàn gbangba. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 ni òdiwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé inú awò nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín VVS àti VS, ipò tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, ti ń hàn, èmi kò sì tíì rí ẹni tó gbé awò alágbẹ̀dẹ lọ sí òde ìnáwó.

Òkúta roboto méjì ni Bàbá gbé síwájú wa. SI1, ipò tó wà lábẹ́ VS, ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi díẹ̀ ju ìdajì káráàtì, òṣùwọ̀n ìwúwo òkúta, lọ. Hóró dúdú kan wà nínú èkíní, gẹ́rẹ́ lábẹ́ ojú pẹrẹsẹ òkè òkúta náà, àwòrán rẹ̀ sì ń yọ lára àwọn ojú tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀, tó fi dà bí ẹni pé hóró mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Sísán fẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkúta, ni ó wà nínú èkejì, ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi gbé awò kúrò lójú, ó ṣì ń rí hóró dúdú yẹn, ṣùgbọ́n ó wá sísán náà tì. Ìwé GIA irú èyí tí wọ́n ń pè ní Dossier, tí Àlàájà ṣí lórí fóònù, dárúkọ irú àbàwọ́n tó wà nínú òkúta kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ya àwòrán ibi tí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ sísán yìí ni Bàbá pẹ́ lé lórí jù. Wọ́n ní dáyámọ́ǹdì le ju gbogbo òkúta lọ lóòótọ́, síbẹ̀ ó lè fọ́ bí nǹkan bá gbá a níbi tó sán, pàápàá bí sísán náà bá yọ sí ìta ní etí tó tín-ín-rín. Wọ́n tún ní àwọn kan máa ń fi ohun tó jọ gíláàsì dí sísán kí òkúta lè dà bí ẹni pé ó mọ́, bẹ́ẹ̀ iná alágbẹ̀dẹ lè ba ohun náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tún òrùka ṣe. GIA kì í fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní ipò rárá. Bàbá fi hàn wá bí a ṣe ń rọra yí òkúta lábẹ́ iná: bí àwọ̀ búlúù tàbí ti ọsàn bá ṣàdédé kọ mànà láti ibi tó sán, kí a fura.

Wọ́n kàn mẹ́nu kan òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n gé ní emerald cut, pé ojú rẹ̀ tó gbòòrò kì í bo àbàwọ́n bíi ti roboto, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá ipò tó ga díẹ̀ sí i.

Àbúrò mi mú èkejì, lẹ́yìn tí a ti fi awò ka nọ́ńbà wínníwínní tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀, tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì GIA. Àlàájà ní kí Bàbá fi ọ̀kan nínú èékánná góòlù tó ń di òkúta mú bo sísán náà. Bàbá kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í tẹ irin mọ́ ibi tó sán, bí kò tilẹ̀ yọ sí ìta, wọ́n sì yí òkúta náà títí ibẹ̀ fi bọ́ sí àárín èékánná méjì. Nínú owó tí ìbá fi kún un fún VVS ni àbúrò mi ti sọ òrùka náà di góòlù 18 dípò 14, ìyẹn èyí tí góòlù gidi inú rẹ̀ pọ̀ jù.