Kí ló ń pa ìlà rẹ́ nínú àyẹ̀wò ihò méjì: ojú ènìyàn àbí ẹ̀rọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Nínú àyẹ̀wò ihò méjì, bí a tilẹ̀ rán electron (èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù) lọ́kọ̀ọ̀kan gba ihò tín-ínrín méjì, àmì wọn lára pátákó tó wà lẹ́yìn ihò náà á máa to ara wọn ní ìlà-ìlà, ibì kan á kún, ibì kan á ṣófo. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá "wo" ihò tí wọ́n gbà, ìlà á pòórá. Kí ni "wíwò" yìí gan-an? Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà á ńkọ́? Báwo sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè rí irú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi?

Ìgbì_àti_Èérún:
Ojú ènìyàn ò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ọ̀nà tí electron gbà bá ti fi àmì sára nǹkan mìíràn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù lójú ọ̀nà, ìlà ti lọ nìyẹn, yálà a ka àmì náà tàbí a ò kà á.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Vienna, ní Austria. Lọ́dún 1999 wọ́n rí ìlà pẹ̀lú C60, mólékù tó ní átọ́ọ̀mù carbon 60. Lọ́dún 2004 wọ́n lo C70, wọ́n sì ń fi laser mú un gbóná kó tó wọ ibi tí ọ̀nà ti pín. Bí ooru ṣe ń pọ̀ ni ìlà ń ṣá, títí ó fi pòórá. Mólékù tó gbóná máa ń tú photon, ìyẹn èérún ìmọ́lẹ̀, jáde. Bó bá ṣe gbóná sí i, photon á pọ̀ sí i, ìgbì wọn á sì kúrú sí i. Ìgbì kúkúrú ló lè fi ibi tí mólékù wà hàn dáadáa. Kò sẹ́ni tó kó photon wọ̀nyẹn jọ. Ara ògiri ẹ̀rọ ni wọ́n parí sí, síbẹ̀ ìlà bàjẹ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló ń ti electron kúrò lọ́nà. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ní Konstanz, ní Jámánì, lọ́dún 1998, Dürr, Nonn àti Rempe fi microwave kọ ọ̀nà tí átọ́ọ̀mù rubidium gbà sínú átọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Agbára tí microwave fi lè ti átọ́ọ̀mù kéré ju ohun tó lè da ìlà rú lọ. Ìlà pòórá bákan náà.

Ọwọ́_Lórí_Iṣẹ́:
Ti ìbéèrè kẹta: ẹ wá laser pupa kékeré (650 nm, agbára rẹ̀ kó má ju 1 mW lọ), wáyà tín-ínrín 0.25 mm, àti film polarizer (ike tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ojú kan ṣoṣo kọjá). Ẹ ta wáyà sí ojú ìmọ́lẹ̀ laser, kí ògiri wà ní mítà 3 sí i. Ẹ má wo àárín tó ń tàn yòò; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ìlà wà, bíi 7.8 mm láàárín ìkan sí èkejì (650 nm × 3 m ÷ 0.25 mm).

Ẹ wá gé film méjì, kí ojú wọn dábùú ara wọn ní 90 dígírì. Ẹ fi etí wọn kanra, kí wáyà bo ojúpò náà pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tó gba apá òsì ti ní àmì tirẹ̀, ti ọ̀tún ní tirẹ̀: ìlà á pòórá. Ẹ fi film kẹta síwájú ògiri ní 45 dígírì sí méjèèjì, ìlà á padà, àmọ́ kò ní mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ yí i sí 45 dígírì lódì kejì, ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn á pààrọ̀ àyè.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́: ìmọ́lẹ̀ laser fúnra rẹ̀ ti ní ojú kan tó ń mì sí. Bó bá bá ojú film kan mu, apá kejì á ṣókùnkùn, ìlà á lọ, a ó sì rò pé àmì ọ̀nà ló fà á. Ẹ yí laser títí apá méjèèjì á fi mọ́lẹ̀ dọ́gba. Ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tàbí téèpù kan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, torí á fọ́n ọn ká. Bí igun àárín film méjèèjì bá jẹ́ 60 dígírì dípò 90, ìlà ò ní lọ tán; bó ṣe hàn sí á já sí ìdajì.

Ìgbì_àti_Èérún:
Ó dára, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìmọ̀ ìgbì lásán tó láti ṣàlàyé àyẹ̀wò laser yẹn. Dídín ìmọ́lẹ̀ kù náà ò sọ ọ́ di photon kọ̀ọ̀kan. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ photon 0.1 fún ìtànná kan, nínú 1,000, bíi 5 á ṣì ní photon méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1986 Grangier, Roger àti Aspect lo átọ́ọ̀mù calcium tó ń tú photon méjì tẹ̀léra. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ pé èkejì ń bọ̀. Èkejì yìí kì í pín sí ẹ̀rọ méjì, síbẹ̀ ó ń ṣe ìlà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì:
Ó ti yé mi. Ṣé àmì tó ń bọ́ sára nǹkan mìíràn yìí náà ló fà á tí electron fi ń balẹ̀ síbi kan ṣoṣo?

Ìgbì_àti_Èérún:
Rárá o. Ó ṣàlàyé ìdí tí ìlà fi ń pòórá. Kò ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ibí ni electron balẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀hún. Òfin Born kàn ń fún wa ní ìṣeéṣe ibì kọ̀ọ̀kan ni. Àlàyé mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí rẹ̀, ti Copenhagen, ti ayé púpọ̀ àti ti Bohm, ń fún wa ní nọ́ńbà kan náà. GRW (àbá Ghirardi, Rimini àti Weber) ló yàtọ̀: ó ní bí nǹkan bá wúwo tó, ìlà á bàjẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí ohun tó fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 2019 ní Vienna, mólékù tó wúwo ju átọ́ọ̀mù hydrogen 25,000 lọ ṣì ṣe ìlà.