Ìtàn ìbò Àgbègbè 94 ní Newport News, ìpínlẹ̀ Virginia

Ìyá Ìbejì, Newport News

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù tó kọjá ni mo búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ mọ ìtàn àdúgbò mi kí n tó dìbò fún aṣojú wa ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ohun tó rú mi lójú ni pé ìròyìn àtijọ́ tí mo kà pe ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Àgbègbè 94, ṣùgbọ́n 70 ni wọ́n kọ sí káàdì olùdìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo wá ẹni tó ń ṣojú 94 báyìí, aṣojú Norfolk ni mo bá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò là mí lọ́yẹ̀?

Alàgbà, Hampton

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ìbúra yín. Kò sí àṣìṣe nínú káàdì náà. Nọ́ńbà àgbègbè kì í dúró sójú kan bí orúkọ ìlú. Ibi tí wọ́n bá fa ààlà sí ni ó ń bá a lọ. Lẹ́yìn ìkànìyàn, tó máa ń wáyé ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ni wọ́n ń tún ààlà fà, nítorí pé láti ọdún 1964, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Reynolds àti Sims, ó ti di dandan kí iye ènìyàn inú àwọn àgbègbè aṣòfin ìpínlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní Virginia, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2020 kò lè fẹnu kò lórí ààlà tuntun, ni iṣẹ́ náà bá bọ́ sọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀, tó fọwọ́ sí máàpù tuntun ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ìbò ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lò ó fún ilé aṣòfin. Ìgbà náà ni 94 lọ sí Norfolk, tí 70, tó jẹ́ ti ìhà Richmond tẹ́lẹ̀, wá bọ́ sí Newport News. Bí ẹ bá ń ka èsì ìbò àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún rẹ̀ kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Ìtàn 94 ti Newport News tó ohun tí ènìyàn ń jókòó gbọ́. Aṣojú 100 ló wà nínú House of Delegates, ìyẹn ilé àwọn aṣojú nínú ilé aṣòfin Virginia, ọdún méjì-méjì ni a sì ń yàn wọ́n, ní ọdún tí òǹkà rẹ̀ bá parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9. Kì í bá ìbò ààrẹ pàdé rárá, èyí sì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbé rẹ̀. Glenn Oder ti ẹgbẹ́ Republican ló wà níbẹ̀ láti ọdún 2002 títí ó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní 2011. David Yancey, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Shelly Simonds ti ẹgbẹ́ Democrat bá Yancey du ipò náà, Yancey sì fi ìbò 10 péré ṣíwájú. Ní Virginia, kò sí àtúnkà tí ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fìdí rẹmi ni yóò béèrè fún un, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Simonds béèrè. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, àtúnkà gbé e ga: Simonds 11,608, Yancey 11,607. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àwọn adájọ́ mẹ́ta gbé ìwé ìdìbò kan ṣoṣo yẹ̀ wò, èyí tí wọn kò tíì kà mọ́ ẹnikẹ́ni. Olùdìbò náà ti kun àmì róbótó tó wà níwájú orúkọ àwọn méjèèjì, ó sì tún fa ìlà kan gba orí ti Simonds kọjá. Nínú àwọn ipò yòókù lórí ìwé kan náà, Republican ni ó yàn. Àwọn adájọ́ ní ìlà yẹn fi hàn pé ó fẹ́ pa ti Simonds rẹ́, wọ́n sì ka ìbò náà fún Yancey. Ó di 11,608 sí 11,608.

Òfin ìpínlẹ̀ ní bí ìbò bá dọ́gba, kèké ni kí wọ́n ṣẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2018, ní Richmond, wọ́n ki ìwé orúkọ kọ̀ọ̀kan bọ inú ike kékeré tí a fi ń tọ́jú fíìmù kámẹ́rà, wọ́n kó ike méjèèjì sínú abọ́ amọ̀ kan tí wọ́n yá láti ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, James Alcorn, alága ìgbìmọ̀ ìdìbò ìpínlẹ̀, sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Yancey ló jáde. Kí "dìbò" tó di ọ̀rọ̀ àpótí àti ìwé lẹ́nu wa, kèké ni àwọn àgbà ń fi pè. Lọ́jọ́ yẹn, ìbò mú Yancey gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́. Ipò kan yìí ló sì sọ ẹni tí yóò darí gbogbo ilé náà: Republican, tó ní 66 kí wọ́n tó dìbò, jókòó pẹ̀lú 51 sí 49, dípò 50 sí 50. Ní ọdún 2019 Simonds padà wá, ó borí Yancey, ẹgbẹ́ Democrat sì gba ilé náà. Òun kan náà ló wá dupò ní 70 lábẹ́ máàpù tuntun, tó sì wọlé.

Mo ń ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò lọ́jọ́ ìbò, nítorí náà ìwé kan yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Nígbà kan, ìyá àgbàlagbà kan fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé tirẹ̀, ó pè mí, ó sì rọra béèrè bóyá kí òun fi bírò fa ìlà gba orí èyí tí òun ṣì kùn. Mo ní, "Ẹ má fà á, Mà. Ẹ dá a padà fún wa, a ó fún yín ní òmíràn." A fi ti àkọ́kọ́ sínú àpòòwé àwọn ìwé tó bàjẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì tún un kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti gba òmíràn, kí ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè, kí adájọ́ má baà máa wádìí ohun tó wà lọ́kàn yín.

Ọmọ Èkìtì, Fredericksburg

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un, nítorí pé ọdún 2017 kan náà ni. Ní Àgbègbè 28, Bob Thomas fi ìbò 73 ṣíwájú Joshua Cole, a sì wá rí i pé olùdìbò 147 ni wọ́n fún ní ìwé ìdìbò àgbègbè mìíràn, nítorí pé àgbègbè tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ilé ẹjọ́ kò pàṣẹ àtúndì, Thomas sì gba ipò náà. Cole wọlé ní 2019. Nígbà tí ó tún wọlé ní 2023, nọ́ńbà àgbègbè tirẹ̀ ti di 65. Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó gba ìwé ìdìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ rí i pé nọ́ńbà àgbègbè tó wà lórí rẹ̀ bá ti káàdì yín mu. Bí ẹ bá ti fi ìwé náà sínú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́.

Ìyá Ìbejì, Newport News

Ẹ ṣeun gidigidi. Ó ku ìbéèrè kan. Káàdì ìgbélùú ni bàbá àwọn ọmọ mi ṣì ń lò. Níbi tó ti lọ tún ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kí ni kí ó ṣe?

Alàgbà, Hampton

Kí ó dáhùn pé òun kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kí ó má sì fọwọ́ sí ohunkóhun tó sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni òun, bí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ sọ pé kò sí wàhálà. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà láti lè dìbò lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Bí ó bá ti fọwọ́ sí nǹkan kan láìmọ̀, kí ó rí agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú kí ó tó kọ ìwé sí ọ́fíìsì kankan.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ lọ sí ojúewé àjọ ìdìbò Virginia lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì yín níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ èsì ìbò àtijọ́ pẹ̀lú wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ ìbò ni ìdìbò ṣíwájú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò gan-an, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń tì í ní aago méje alẹ́. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méje tó lù yóò dìbò.

Ìyá Ìbejì, Newport News

Mo ti wò ó báyìí. 70 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nọ́ńbà yàrá wa mọ́ àdírẹ́sì náà, ilé wa sì ní yàrá tó pọ̀. Mo ti fi àtúnṣe ránṣẹ́.