Ìdúnàádúrà kọ́ ni “deal”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé ká máa lo “ìdúnàádúrà” níbikíbi tí “deal” bá ti jẹ yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá, ká fi “òwò” dípò “business”, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo kí wọn kú làálàá, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i. Ìdúnàádúrà ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí “deal” tó wáyé.

Mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ ra aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá aláṣọ pe iye ọjà rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà.

“Ìyá, ẹ ṣe é dáadáa fún wa.”

“Èló lẹ máa san?”

“Ẹgbẹ̀rún méje.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀. “Kò gbà. Ẹ fi kún un.” Ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kò gbà. Àǹtí mi kọ ẹ̀yìn sí ìsọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta. “Ẹ padà wá o! Kí lẹ fẹ́ san gan-an?” Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ìyá wo aṣọ, ó wo ojú àǹtí mi: “Ẹ mówó wá. Torí pé ẹ̀yin ni àkọ́tà mi ni o.”

Gbogbo ohun tó ṣáájú “ẹ mówó wá” ni ìdúnàádúrà. “Ẹ mówó wá” yẹn ni “it's a deal” tí à ń wá kiri. Ká ní àǹtí mi bá ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ tán ni, wọn ì bá ti dúnàádúrà dáadáa, kò sì ní sí “deal” kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá kà á nínú ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ méjì ti “ṣe ìdúnàádúrà”, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iye owó. Bí ohùn wọn bá ti ṣe ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ti ṣe àdéhùn.

Ẹ tún wo “ná”. Ẹnì kan lè ná ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má ná kọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa nílò ọ̀rọ̀-ìṣe méjì níbẹ̀. Látìnì ni wọ́n ti mú “negotiate” tiwọn, látinú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àìráyè fàájì. Wọn ò mọ àǹtí mi: ọjà níná gan-an ni fàájì rẹ̀.

Ẹlòmíì dábàá “májẹ̀mú” fún “deal”. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo túmọ̀ ìwé kan fún àwọn tó ń yá ọlọ́jà lówó, mo kọ “májẹ̀mú” síbi tí n bá ti kọ “àdéhùn”. Màmá kan gbọ́ ọ tí wọ́n ń kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ṣé a máa mulẹ̀ ni?” Bíbélì ti gba májẹ̀mú lọ́wọ́ ọlọ́jà, Láéláé àti Titun. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ó ku “business”. Inú “busy” ló ti wá, nígbà láéláé, àníyàn àti ìdààmú ọkàn ló ń tọ́ka sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Abájọ tí “none of your business” fi jẹ́ “kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?” lẹ́nu tiwa. Bí wọ́n bá ní “she means business”, a ó ní kò bá eré wá. Ibo ni òwò ti fẹ́ wọ gbólóhùn méjèèjì yìí? Òwò dára fún ohun tí èèyàn ń rà tó ń tà, bísínẹ́ẹ̀sì náà sì ti di tiwa, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wù mí jù ni ìdókòwò. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa á gbọ́ oko nínú rẹ̀. “Invest” ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ ló wà nínú tirẹ̀, látinú Látìnì tó túmọ̀ sí pé ká wọ nǹkan láṣọ. Wọ́n wọ owó láṣọ, àwa fi dá oko, a ń dúró de òjò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò ìdókòwò, kó kọ́kọ́ wá bá mi jà.

“Contract” kò le: bó bá jẹ́ ìwé, ìwé àdéhùn ni, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀nà tàbí ilé, iṣẹ́ àgbàṣe ni, ẹni tó gbà á sì ni agbaṣẹ́ṣe. “Díìlì” tí àwọn ọmọ Èkó ń pè, ẹ má yọ ọ́ dànù. Ó ní òórùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá kan “ń ṣe díìlì”, kò sẹ́ni tó máa rò pé ó pe lọ́yà sí i.

Ibi tí ọwọ́ mi ò tíì ba ni “customer”. Oníbàárà ni ìwé ń kọ, ẹni tó wá rajà nìkan ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, “kọ́sítọ́mà mi, ẹ máa bọ̀ o” ni ìyá aláṣọ sọ, “ó dàbọ̀ o, kọ́sítọ́mà mi” sì ni àǹtí mi dá a lóhùn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ta ló ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olùtà àti olùrà lè jọ máa jẹ́?