Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tí bàbá mi fi sílẹ̀ l'Ádó-Èkìtì ni mò ń bójú tó. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nìkan ló ń mówó wá báyìí. Níbi ìgbéyàwó pàápàá, fóònù ni kálukú ń gbé sókè.

Mo kà pé Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ta fíìmù fọ́tò, ló ṣe kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ní 1975, síbẹ̀ fíìmù ni wọ́n rọ̀ mọ́ títí gbèsè fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní 2012. Fujifilm, tí àwọn náà ń ta fíìmù, fi iṣẹ́ oògùn àti ìpara ojú kún tiwọn. Èmi ò kúkú mọ ìpara pò!

Ìyàwó mi ní ká ra ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò sára ife àti ẹ̀wù, pé àwọn ọmọ yunifásítì á rà á. Àbí kí n kọ́ fídíò? Owó ọwọ́ mi ò ká méjèèjì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ dákun, èwo ni kí n mú?