Wákàtí 72 lẹ́yìn ìjì: bí owó ìrànwọ́ oko ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi ti sọ bí ẹ ṣe rí owó ìrànwọ́ gbà lẹ́yìn ìjì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Gúúsù ìpínlẹ̀ Georgia ni èmi àti ọkọ mi ti ń dáko. Ilá àti ewédú là ń gbìn, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ wa ní Atlanta ló ń rà á. Níbi tí a wà, kò sí adójútòfò tí wọ́n dìídì ṣe fún ewédú. Ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NAP, tó ń sanwó fún àgbẹ̀ bí àjálù bá ba irè oko tí kò ní adójútòfò jẹ́, ló wà fún irú rẹ̀. Ṣáájú àsìkò ọ̀gbìn lèèyàn ń forúkọ sílẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ dọ́là 325 lórí irè oko kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju 825 lọ ní káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) kan. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, torí wọ́n ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún àgbẹ̀ tí kò tíì lò ju ọdún 10 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Baba tí oko wa jọ pààlà ló mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ tipátipá. Òun náà ló ní kí n máa kọ gbogbo ilá tí mo bá ká sílẹ̀, ni mo bá fi okùn so ìwé kan mọ́ òpó àká.

Ìjì Helene ya wọ Florida lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilá tó ga jù mí lọ ti sùn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ dorí kọ ọ̀nà kan náà. Ewédú ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n ti fi ìjábẹ̀ já nínú ìkòkò. Mo káwọ́ lérí.

Ọkọ mi ti ń wá epo sí katakata kí a tú gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a lè gbin nǹkan míì kí òtútù tó dé. Ẹsẹ̀ ni Baba fi rìn dé, torí igi ti dí ọ̀nà. Ó ń pariwo láti òkèèrè pé, "Ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Bí ayẹ̀wòko ìjọba ò bá rí i, ẹ ò pàdánù nǹkan kan lójú wọn nìyẹn!"

Ohun tí à ń fọwọ́ ká, wákàtí 72 péré ni ọ́fíìsì NAP fún wa láti fi tó wọn létí pé ó ti bà jẹ́. Àárọ̀ Friday la rí i; àárọ̀ Monday ló pé. Kò síná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ Saturday a wa ọkọ̀ títí fóònù fi dún nílé epo kan, ibẹ̀ ni mo ti fi fọ́tò àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn lórí íméèlì. Nígbà tí mo rí i pé ó ti lọ, mo sunkún.

Ayẹ̀wòko dé, ó ń ka igi ilá láti poro dé poro. Ó béèrè àkọsílẹ̀. Òjò ti ba ẹ̀yìn ìwé mi jẹ́, àmọ́ bírò inú rẹ̀ ṣì hàn.

Owó náà ò pọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ká ní agbọ̀n 100 ló yẹ kí n rí, tí mo wá rí 20. Ìdajì ni ètò NAP tó kéré jù ń dáàbò bò, ìyẹn 50. Wọ́n á yọ 20 kúrò, á ku 30, ìdá 55 nínú 100 iye owó ọjà ni wọ́n sì máa san lórí 30 yẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà kó tó wọlé. Èso àti epo ọdún tó tẹ̀ lé e ló rà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àbúrò kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ. Òun náà forúkọ sílẹ̀. "Àǹtí, mo ti tú u mọ́lẹ̀ kí n tó rántí pé mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n." Kò rí nǹkan kan gbà. Fọ́tò tó fi fóònù yà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n ṣì gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Mo fẹ́ kà á fún un.