Kí ni kí n jẹ kí n lè gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀yọ́, kí n sì gùn ún padà sí Ìbàdàn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà orí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbéra láti Mọ́kọ́lá láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, kí a gba Mọ́níyà, Fìdítì àti Ìlọrà dé Ọ̀yọ́, kí a sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Lálọ-lábọ̀, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà.

Ìrìn tí kò ju wákàtí méjì lọ kì í dà mí láàmú. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ni agbára á kàn tán lẹ́sẹ̀ mi lójijì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òòyì á máa kọ́ mi, inú á sì máa bí mi sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ìyá mi ní kí n jẹ iyán yó kí n tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má jẹ nǹkan kan, pé ikùn òfìfo ló ń jẹ́ kí ara fúyẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ni mo sì lè máa jẹ lórí ìrìn? Owó mi ò ká àwọn oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Mo wọn 70 kìlò, bóyá ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta:

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó gbéra. Ohun tó ń ṣe ọ́ yẹn, ebi ni. Agbára tí ara ń rí nínú iṣu, ìrẹsì, gàrí àti búrẹ́dì, inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ibi ìpamọ́ náà kò sì tóbi. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan lè lò ó tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Tó bá ti gbẹ, ìgboyà ò lè gbé ọ gun òkè. Ọpọlọ pàápàá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lò, ìyẹn ló fà á tí òòyì fi ń kọ́ ọ tí inú sì ń bí ọ.

Nítorí náà, má dúró dìgbà tí ebi bá pa ọ́. Bó o bá ti gùn ún fún ìṣẹ́jú 30, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kó o sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 síra. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí èròjà afúnnilágbára inú ohun tó ò ń jẹ tó gíráàmù 30 sí 60. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n ní bíi gíráàmù 25 nínú. Dàbínù wẹ́wẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń sún mọ́ 30. Kóró ṣúgà kan jẹ́ bíi 4.

Ní tèmi, bọ̀ọ̀lì ni ọba. Tí mo bá ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, èyí tó pọ́n dáadáa ni mo máa ń rà lálẹ́, màá gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, màá wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó di àpò ẹ̀yìn. Ẹ̀pà rẹ̀ dúró sílé, torí òróró inú ẹ̀pà kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò nínú ikùn. Ọ̀dùnkún sísè náà dára, kì í fọ́ sápò.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀wà? Ẹ̀wà ni bàbá wa ń jẹ kó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ yìí pé ṣúgà ni oúnjẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀wà, oúnjẹ tó dára ni, mo sì bá yín dá sí i pé kí a má fi ṣúgà ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kì í tètè dà, ó sì máa ń fẹ́ni níkùn. Ẹni tó tẹ̀ ba lórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń gba ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síbi ikùn, ohun tó bá ń dà wọ̀ọ̀ ni ikùn lè gbà lákòókò yẹn. Ìdí tí ṣúgà fi wúlò lórí ìrìn gígùn nìyẹn: iṣan ń jó o bó ṣe ń wọlé.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ìyá ẹ ò ṣì sọ, àkókò ló kù. Jẹ iyán náà lálẹ́ Jímọ̀, kí ọbẹ̀ má sanra jù. Láàárọ̀, tó bá ku wákàtí kan kó o gbéra, gíráàmù èròjà afúnnilágbára kan fún kìlò kọ̀ọ̀kan tó o wọ̀n ni kó o jẹ, ìyẹn 70. Tó bá ku wákàtí méjì, 140. Búrẹ́dì ègé mẹ́rin, oyin ṣíbí ìjẹun méjì àti ife ògì gbígbóná tó ní ṣúgà kò ní jìnnà sí 140 yẹn. Tí búrẹ́dì bá sú ọ, jẹ iṣu sísè tàbí ìrẹsì funfun, kó o sì fi ẹyin kan tì í. Àkàrà àti ohunkóhun tí a dín, fi sílẹ̀. Ikùn òfìfo tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ, ìrìn kúkúrú tí kò le ló bá a mu, kì í ṣe èyí.

Omi ni mo fẹ́ kí gbogbo yín fọkàn sí, pàápàá tí oòrùn bá ti là. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan tó jẹ́ 50cl sí ọ̀rá kan ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ ní wákàtí kan. Òógùn ń kó iyọ̀ jáde, nítorí náà ẹni tó bá ń mu omi lásán ní àmujù fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ewu gidi sì ni. Ẹ po èyí: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì 14, iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí náà, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí pe omi tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà sí lítà kan ni tìyẹn, kò sì gbọdọ̀ yí padà.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú àpérò o. Lọ́dún 2024 tí Biniam Girmay, ọmọ orílẹ̀-èdè Eritrea, gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, eré ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, tẹlifíṣọ̀n ni mo jókòó tì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ọwọ́ àwọn eléré náà ṣe ń lọ sápò ẹ̀yìn léraléra, kódà nígbà tí wọ́n kàn ń gùn ún jẹ́jẹ́. Ìrẹsì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Àwọn alásè wọn á sè é rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á wé e sínú fóìlì.

Mo ń ṣe é nílé wàyí. Ìrẹsì tí a fi ń ro tùwó ló dára jù, torí ó ń lẹ̀ mọ́ra. Sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, po oyin àti iyọ̀ fín-ín-fín mọ́ ọn, jẹ́ kó tutù mọ́jú, kó o wá gé e. Tí kò bá sí fóìlì, fi ewé wé e bí ẹ̀kọ. Ní ilẹ̀ wa tó ń mú ooru, kó o jẹ ẹ́ tán kó tó di ọ̀sán, torí ìrẹsì tètè ń bàjẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Gàrí ń kọ́? Mínírà tútù tí wọ́n ń tà létí títì ń kọ́?

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta:

Gàrí gbígbẹ lórí kẹ̀kẹ́, rárá. Á wú nínú ikùn, á sì fa omi mọ́ ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró sinmi ní Ọ̀yọ́, o lè mu ún pẹ̀lú omi púpọ̀ àti ṣúgà, kó o jókòó díẹ̀ kó o tó gbéra. Mínírà wúlò tí agbára bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n ó dùn jù, bù ú là pẹ̀lú omi. Àmàlà Ọ̀yọ́ ń pe èèyàn, mo mọ̀, àmọ́ gbé e sápò lọ sílé.

Ohun kan tí mo tẹ̀ mọ́ ọ létí: má fi ọjọ́ Sátidé dán oúnjẹ tuntun wò. Mú ohun tó o fẹ́ gbé dání, kó o jẹ ẹ́ lórí ìrìn kúkúrú láàárín ọ̀sẹ̀, kó o wo bí ikùn ẹ ṣe gbà á.

Bàbá Ọ̀jẹ̀ẹ́:

Nọ́ọ̀sì wa, mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Ṣé kí n máa jẹ ṣúgà bí ẹ ṣe là á kalẹ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Bàbá, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín. Tó bá jẹ́ ínsúlínì lẹ ń lò, tàbí oògùn tó ń fa ṣúgà walẹ̀, gígun kẹ̀kẹ́ tún ń fà á walẹ̀ sí i, ó sì lè lọ sílẹ̀ jù lójú ọ̀nà. Wọ́n lè ní láti yí oògùn ọjọ́ náà padà. Ẹ yẹ ṣúgà yín wò kí ẹ tó jáde, kí kóró ṣúgà wà lápò yín nígbà gbogbo, kí ẹ má sì dá lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ bá mi wò ó. Màá jí ní aago mẹ́rin, màá jẹ búrẹ́dì, oyin àti ògì, a ó gbéra ní aago mẹ́fà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, bọ̀ọ̀lì méjì gígé, dàbínù mẹ́wàá, àti ike omi méjì tí mo ti po ṣúgà àti iyọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ó dára fún àlọ àti apá kan àbọ̀. Kó owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi dání, kó o tún ra díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ọ̀yọ́. Di ṣúgà àti iyọ̀ tó o ti wọ̀n sínú ọ̀rá kékeré, kó o lè po omi míì níbẹ̀. Tó o bá délé, jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹja kí wákàtí kan tó kọjá, torí iṣan ń tètè gba agbára padà lákòókò yẹn.