«Ìbáradọ́gba processor» kò tọ̀nà: ẹ yọ «dọ́gba» kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa Iléṣà ti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ láti fi túmọ̀ «processor compatibility for migration»: «ìbáradọ́gba processor fún ìṣíkiri». (Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà.) Àtò tí à ń tàn sórí VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tí ń ṣiṣẹ́ nínú server) kó lè bọ́ láti orí server kan sí òmíràn láìpa á ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n «dọ́gba» yìí kò bá iṣẹ́ náà lọ rárá.

Àtò yìí kò mú processor méjì dọ́gba. Ìka ò dọ́gba, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Ohun tí processor tuntun mọ̀, tí ti àtijọ́ kò mọ̀, ló ń bò mọ́ VM lójú. Lórí Hyper-V (sọ́fítíwíà Microsoft tó ń gbé VM), ní Windows Server 2022 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bó bá jẹ́ processor Intel, àwọn àṣẹ bíi SSSE3, SSE4.1, SSE4.2, POPCNT àti AVX wà lára ohun tó máa ń bò. Processor ṣì mọ̀ wọ́n o. VM ni kò rí wọn. Ẹni tó bọ́ agbádá sílẹ̀ kó lè bá elépo gbé garawa, ṣé ó ti bá elépo dọ́gba nìyẹn?

Ẹni tó bá gbọ́ «dọ́gba» á rò pé Intel àti AMD náà á dọ́gba. Irọ́ ni. Intel sí Intel, AMD sí AMD; tó bá jẹ́ láti ọ̀kan sí ìkejì, ẹ pa VM náà kẹ́ ẹ tó gbé e. Á tún rò pé òun lè tan àtò náà nígbà tí VM ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kò ṣeé ṣe. Ìgbà tí VM bá ń jí ló ń bi processor léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìdáhùn yẹn náà ló sì ń lò títí wọ́n á fi pa á. Bó bá ti gbọ́ AVX, tí ẹ wá gbé e sórí server tí kò ní AVX, àṣẹ tí ibẹ̀ kò gbọ́ ni yóò máa pa, sọ́fítíwíà á sì ṣubú. Hyper-V kì í jẹ́ kó tilẹ̀ débẹ̀: á kọ ìrìnàjò náà ni.

Ẹ pa VM. Kì í ṣe «Save» o, nítorí ohun tí wọ́n bá fi «Save» pamọ́ sórí processor kan lè kọ̀ láti jí lórí òmíràn. Lẹ́yìn náà:

Set-VMProcessor -VMName ORÚKỌ -CompatibilityForMigrationEnabled $true

Get-VMProcessor á fi hàn yín bóyá ó wọlé. Ibi tó ti máa ń sọnù nìyí: àwọn kan á da VHDX (fáìlì díìsì VM) nìkan kọ, wọ́n á ṣẹ̀dá VM tuntun lórí server kejì, wọ́n á so díìsì mọ́ ọn. Àtò náà kò sí nínú díìsì. Inú fáìlì VM fúnra rẹ̀ ló wà. VM tuntun á bẹ̀rẹ̀ ní $false (àtò náà kò tàn), ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tí server kan bá fẹ́ gba àtúnṣe tí VM ní òun ò kúrò. Export-VM àti Import-VM ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ wo KVM, ti Linux, náà. Ẹ má fi host-passthrough (àtò tó ń fi gbogbo ohun tí processor mọ̀ han VM) sílẹ̀ bí àwọn server yín bá yàtọ̀ síra. Ẹ kó èsì virsh domcapabilities ti gbogbo wọn jọ sínú fáìlì kan, kí ẹ fi virsh hypervisor-cpu-baseline wá ohun tí wọ́n jọ ní. Ẹ gbọ́ ọ: jọ ní. «Àmúyẹ àjọní» ni mo dábàá. (Ẹ má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù: RHEL 9, Linux ti Red Hat, ń béèrè processor tó dé ìpele x86-64-v2; kvm64, irú processor tó rẹlẹ̀ jù lára ti KVM, kò tó o.)

Láti Ilé-Ifẹ̀.

*

Àbúrò, mo gbọ́. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mi ò dìde lórí «dọ́gba».

Orí Hyper-V lo dúró sí. Lọ wo EVC, àtò ti VMware fún iṣẹ́ yìí kan náà. Orí ọ̀wọ́ server lódindi ni wọ́n ti ń tan án, gbogbo server inú ọ̀wọ́ náà á sì máa fi ojú kan ṣoṣo han VM. Bí ojú bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló kù tí kò dọ́gba? Ohun tó yẹ kó o kìlọ̀ fún àwọn èèyàn lo fò: bí wọ́n bá gbé ìwọ̀n EVC sókè, kí VM tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú kò tó. Àfi kí wọ́n pa á pátá kí wọ́n tó tan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí ohun tuntun kankan.

«Àjọní» tìrẹ ńkọ́? Ìyá ọlọ́jà tó bá gbọ́ ọ, owó àjọ ló máa béèrè.

*

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ń jà lórí «dọ́gba», ẹ wá fi «kiri» sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ ló ń ṣí kiri. VM mọ server tó ń lọ kó tó gbéra. Ta ló fọwọ́ sí «ìṣíkiri» gan-an?